Òfin Aṣọ Ọkùnrin: Èwo Ni Kí A Pa Mọ́, Èwo Ni Kí A Rú?

Bí àsìkò bá tó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń gbèjà ìwé àṣekágbá wọn níwájú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní soutenance, ẹ dúró díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kan ní Lomé kí ẹ máa wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ń gun zémì kọjá. Ẹ ó rí ọ̀kan tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí ó so táì mọ́ ọrùn, tí ó sì ká kóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò jẹ́ wọ̀ ọ́. Bí ó bá wọ̀ ọ́ láti ilé, òógùn yóò ti bà á jẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò ti tú u, tí yóò gbọn eruku rẹ̀ nù, tí yóò sì kó ara sínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá jáde, kóòtù náà ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò bọ́. Aṣọ tí a kò lè wọ̀ lọ, tí a kò lè wọ̀ bọ̀, tí a ń wọ̀ fún ìwọ̀n wákàtí kan péré níwájú ènìyàn mẹ́ta: ta ni a rà á fún?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ka abala yìí ti bi wá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, irú aṣọ tí ó yẹ ọkùnrin tí ó fẹ́ kí a ka òun sí. Àwọn òbí yín náà ti bi wá, ṣùgbọ́n ohùn tiwọn yàtọ̀: wọ́n fẹ́ kí a bá wọn bá yín wí. Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú láti dá tọ̀tún-tòsì lóhùn pọ̀. A kò ní sọ pé òfin aṣọ kò ṣe pàtàkì. Àwọn tí wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn kò parọ́. Olùkọ́ ni wá, a sì mọ̀ pé kí a tó ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, a ti kọ́kọ́ wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Láàrin òwe méjèèjì yìí ni a fẹ́ gbà kọjá lónìí. Òfin kọ̀ọ̀kan tí a bá bá pàdé, a ó bi í ní ìbéèrè méjì: ilẹ̀ wo ni wọ́n ti ṣe ọ́, àpò ta sì ni owó rẹ ti ń jáde?

Ọrùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé mọ̀ pé cravate ni orúkọ táì ní èdè náà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì ronú sí ibi tí orúkọ náà ti wá. Ọ̀rọ̀ náà Croate ni, ìyẹn ará Croatia. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ ogun Croatia tí ń jà fún ọba Faransé máa ń so aṣọ kan mọ́ ọrùn. Àwọn ará ààfin rí i, ó wù wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ di oge. Bí aṣọ jagunjagun ṣe di aṣọ akọ̀wé nìyẹn. Kóòtù ní ìtàn tirẹ̀. Ìlú London ni wọ́n ti gé e dé ìrísí tí a mọ̀ ọ́n mọ́, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún, wọ́n sì ń rán aṣọ mìíràn mọ́ inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ tutù. A kò bá aṣọ náà jà rárá. Ẹni tí ó bá ti wà ní Paris nínú oṣù kìíní ọdún yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rán an. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ti Paris kò sí ní Lomé. Bí a bá yọ òwúrọ̀ ọyẹ́ díẹ̀ kúrò, ooru àti ọ̀rinrin òkun ni tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀.

Báwo wá ni aṣọ òtútù ṣe di àmì ọ̀wọ̀ ní etí òkun yìí? Àwọn ará Jámánì dé ní 1884, ogun sì lé wọn lọ ní 1914. Àwọn Faransé ni ó wá jókòó sí ibi tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà lẹ́yìn wọn. Akọ̀wé, ògbufọ̀ àti olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé aṣọ òyìnbó wọ̀ láàrin àwọn ènìyàn wa. Évolué ni àwọn Faransé ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹni tí ó ti gòkè kúrò níbi tí àwọn òbí rẹ̀ wà. Kóòtù ni ìwé ẹ̀rí ìgòkè náà. Ó ń sọ fún ọ̀gá pé ẹni yìí ti di tiwa, ó sì ń sọ fún ará ilé pé ẹni yìí kì í ṣe tiyín mọ́. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960 ni Tógò gba òmìnira. Àwọn aláṣẹ Faransé palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Òfin kóòtù dúró tì wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan sọ fún wa. A kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbèjà ìwé wọn ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí ó mọ́ nigín, tí a lọ̀ dáadáa, pẹ̀lú bàtà dúdú. Ẹni tí ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí ó lọ múra bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wá ṣe. Ọmọ náà jáde. Ẹni tí ó ti ṣe tirẹ̀ tán ṣáájú bọ́ kóòtù fún un. Nígbà tí ó ṣe tán, òun náà bọ́ ọ fún ẹni tí ó kàn, tí tirẹ̀ ti ya lábẹ́ apá. Ẹni kẹrin kò ní kankan rárá. Kóòtù kan náà ni ó gbé wọ̀. Bí kóòtù kan ṣoṣo ṣe gba ìwé ẹ̀rí lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọjọ́ kan nìyẹn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, àwa náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ọmọ kẹrin sọ pé ẹ̀yìn kóòtù náà ti rin gbindin nígbà tí ó kan òun, òun kò sì rántí nǹkan kan nínú ìbéèrè tí wọ́n bi òun bí kò ṣe òtútù òógùn ẹlòmíràn lára òun. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀fọ́. Ó ti dá àjọ láti oṣù mélòó kan kí ọmọ rẹ̀ lè tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Kò sí èyí tí ó ṣẹ́kù fún kóòtù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà láàyè ní Tógò ni 52,500 fáráǹkì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra kóòtù tuntun, bàtà aláwọ àti táì lọ́jà rí, ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò náà, kí ẹ sì rántí pé obìnrin tí ń ta ẹ̀fọ́ kì í gba owó oṣù.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé àwọn tí a yá òfin yìí lọ́wọ́ wọn ti ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ní 1985, Jack Lang, tí ó jẹ́ mínísítà àṣà ní ilẹ̀ Faransé, wọ ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin pẹ̀lú kóòtù ọlọ́rùn gígùn tí Thierry Mugler rán, láìso táì, ariwo sì sọ. Ní 2017, ilé-ìgbìmọ̀ kan náà kéde pé táì àti kóòtù kì í ṣe dandan fún àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti jẹ́ jáde láìwọ kóòtù, ìjọba ní 2005 ní kí gbogbo ọ́fíìsì fi ẹ̀rọ amúlétutù wọn sí ìwọ̀n 28 nígbà ooru, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì bọ́ kóòtù àti táì. Bangladesh pàṣẹ irú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 2009 kí iná mànàmáná lè tó ìlú lò. Olórí ìjọba Spain tú táì tirẹ̀ ní 2022, ó sì ní kí àwọn mínísítà rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ́fíìsì kan ní Lomé lónìí. Ọ̀gá wọ kóòtù, nítorí náà ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ibi tí ó tutù jù. Akọ̀wé obìnrin rẹ̀ tí ó wọ aṣọ tí ó bá ojú ọjọ́ mu wá ń gbọ̀n, ó sì gbé aṣọ ọ̀fì lé èjìká. Owó iná ń gòkè kí ọkùnrin kan lè wọ aṣọ Paris.

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣọ́ ọrùn wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, olórí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, Moses Wetang'ula, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ aṣọ Kaunda wọlé mọ́. Aṣọ tí a ń wí yìí ni kóòtù alápá kúkúrú tàbí gígùn tí kò ní táì, tí a fi orúkọ Kenneth Kaunda, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Zambia, pè. Ààrẹ Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀, William Ruto, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ilé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kún inú rẹ̀, ní ìlú tí ó ti gba òmìnira láti 1963, ni ó ti aṣọ tí baba òmìnira kan ní Áfíríkà sọ di olókìkí mọ́ ìta, tí ó sì fi ọ̀yàyà gba táì àwọn ọmọ ogun Croatia wọlé. A kà á lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbà á gbọ́.

Àwọn òfin kéékèèké pọ̀ tí a ó kàn fọwọ́ bà. Wọ́n ní ìgbànú gbọ́dọ̀ bá bàtà dọ́gba ní àwọ̀. Wọ́n ní bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kò yẹ ìlú ńlá, pé ti oko ni. Òfin àwọn oníṣòwò London ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún wa ohun tí ó bá pupa ilẹ̀ Tógò mu ju bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ lọ. Wọ́n ní a kì í de bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ kóòtù. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa èyí ni pé ikùn ọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Keje, ni ó tóbi tí bọ́tìnnì kò fi pàdé, tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì tú tiwọn kí ojú má baà ti ọba. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àròsọ ni, ẹ de bọ́tìnnì yín bí ó bá wù yín. Ikùn yín ni ó mọ̀.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin Yorùbá kan tí ó ti bọ́ aṣọ yìí kí a tó bí baba ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìlú Iléṣà ni wọ́n ti bí i ní 1860, David Brown Vincent ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, ó sì di gbajúmọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó. Ní 1894, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mọ́jọlá Agbebi, ó sì kọ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1917, aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀ lórí pẹpẹ àti ní ojú pópó. Ní 1911, a pè é sí àpérò ńlá kan ní London nípa àwọn ẹ̀yà ènìyàn gbogbo àgbáyé, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe aláìmọ̀wé. Kò kọ Bíbélì sílẹ̀, kò kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ìmọ̀ òun kò pé àfi bí òun bá so nǹkan mọ́ ọrùn. A máa ń fi ìtàn rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, pàápàá àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ọmọ Instagram ni ó kọ́kọ́ ronú pé aṣọ lè sọ̀rọ̀.

Agbebi ṣe é fún ara rẹ̀. Kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Mobutu ní ilẹ̀ Zaire fi òfin de kóòtù àti táì, ó sì gbé abacost kalẹ̀, orúkọ tí a gé kúkúrú láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí pé kí kóòtù ó wó. Ohun tí ó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí lánàá di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí. Nígbà tí ó sì tú òfin náà ní 1990, táì padà wá. Níhìn-ín ní Tógò, a rántí 1974, nígbà tí a ní kí gbogbo ènìyàn fi orúkọ ìrìbọmi sílẹ̀, tí Étienne Eyadéma sì di Gnassingbé Eyadéma. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà nígbà náà mọ bí ó ti rí kí ìjọba máa bá ènìyàn yan orúkọ. Ti Thomas Sankara ní Burkina Faso yàtọ̀ díẹ̀ lójú tiwa. Òun náà pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ Faso dan fani, aṣọ òwú tí wọ́n ń hun nílé. Ṣùgbọ́n ó ní ìdí tí a lè fi ọwọ́ kàn: àgbẹ̀ ń gbin òwú, obìnrin ń ran án, ahunṣọ ń hun ún, owó sì ń dúró sílé. Ní Addis Ababa, ní oṣù keje ọdún 1987, nígbà tí ó ń bá àwọn olórí Áfíríkà sọ̀rọ̀ lórí gbèsè, ó tọ́ka sí aṣọ ara rẹ̀, ó ní kò sí fọ́nrán òwú kan nínú rẹ̀ tí ó ti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà wá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á. A fẹ́ràn ìdí rẹ̀ ju àṣẹ rẹ̀ lọ. Ẹni tí a fi ipá bọ́ táì lọ́rùn rẹ̀ kò tíì ní òmìnira ọrùn, ó kàn pààrọ̀ ẹni tí ń fà á ni. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé kí a rú òfin kóòtù, a kò sọ pé kí a dáná sun ún. Ẹni tí ó bá wù kí ó wọ̀ ọ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí a fi í dí ẹnu ọ̀nà.

Ó wá ku òfin tí àwa fúnra wa ṣe, nítorí kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó mọ òfin ṣe.

Wọ́n ní agbádá kò yẹ ọmọdé, wọ́n sì máa ń fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí a ka òwe náà bí a ṣe ń ka ìwé ní kíláàsì. Òwe náà fúnra rẹ̀ gbà pé ọmọdé lè ní aṣọ. Àkísà ni ó ní kò lè ní, ìyẹn ìrírí, ohun tí ọjọ́ orí nìkan ń fúnni. Kò sí ibi tí ó ti ní kí ọmọ ọdún méjìlélógún má gbé agbádá wọ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Agbádá pàápàá kò jáde láti inú ilẹ̀ wa bí olú. Ìbátan bàbáńríga àwọn Hausa ni, ìbátan bùbù àwọn ará Senegal. Àlejò ni nígbà kan, a sì gbà á lálejò títí ó fi di ọmọ ilé.

Wọ́n tún ní àwọ̀ tí ń tàn kò yẹ ọkùnrin, pé eérú, dúdú àti búlúù ni tirẹ̀. Ẹni tí ó sọ èyí kò tíì rí àlàárì rí. Nínú àwọn aṣọ òkè tí àwọn baba wa fi ń ṣe ayẹyẹ, sányán ni baba aṣọ, ẹtù dúdú bí òru, àlàárì sì pupa rokoṣo. Òwú sílíkì tí wọ́n fi ń hun àlàárì máa ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn olówó ọkùnrin ni ó ń lé e kiri, wọn kì í sì í béèrè bóyá àwọ̀ obìnrin ni. Bákan náà ni ti irun. Bàbá tí ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọkùnrin Yorùbá kì í ti í di irun gbàgbé àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, èyí kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ lórí irun ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.)

Ní ti aṣọ àǹkárá, tí àwa níbí ń pè ní pagne, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ti obìnrin ni, tàbí ti ìsìnkú, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ní Lomé ti gbogbo ìlú! Lomé tí àwọn obìnrin oníṣòwò Assigamé, àwọn Nana Benz, ti fi aṣọ yìí ra Mercedes tí ó sọ wọ́n lórúkọ. Nelson Mandela, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò, tí ó sì mọ kóòtù wọ̀ dáadáa, kò fi gbogbo ọjọ́ ìjọba rẹ̀ so táì. Ẹ̀wù alárà ni ó ń wọ̀, díẹ̀ nínú wọn láti ọwọ́ Pathé'O, aránṣọ ọmọ Burkina tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu fi àwọn ẹ̀wù náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mandela dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn lẹ́nu ọkùnrin tí ó ń wọ kaba ní gbangba.

Òfin fìlà ni ó ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní bí fìlà bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ẹni tí ó dé e kò tíì gbéyàwó; bí ó bá tẹ̀ sí òsì, ó ti gbé. Ẹlòmíràn yóò búra pé òdìkejì rẹ̀ ni. A ti bi àwọn àgbà mẹ́ta ní Anagokomé, a sì gba èsì mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò pa wá lẹ́rìn-ín rárá, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń ná wa lówó jù kóòtù lọ: òfin pé aṣọ ẹbí di dandan, pé a kì í sì í wọ aṣọ kan náà lọ sí òde méjì. Nígbà tí aṣọ ẹbí bẹ̀rẹ̀, ìdùnnú ni, kí àwọn ọ̀rẹ́ lè dà bí ọmọ ìyá. Lónìí, ọ̀dọ́kùnrin tí ó ní ọ̀rẹ́ márùn-ún tí ń gbéyàwó láàrin oṣù kejìlá ti wọ gbèsè kí ọdún tó yí. Ó ra aṣọ, ó san owó ìránṣọ, ó ra fìlà tí ó bá a mu, ó sì tún fi owó sínú àpòòwé. Bí kò bá rà á, wọn kò ní lé e. Wọ́n á kàn fi í sí tábìlì ẹ̀yìn, kí fọ́tò má baà bàjẹ́. A mọ àwọn tí wọ́n ti parọ́ àìsàn nítorí aṣọ ẹbí. Ọ̀rẹ́ tí ó sá fún ayọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí aṣọ, ẹ sọ fún wa ẹni tí ó jèrè nínú rẹ̀. Òfin yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rú, ọwọ́ ọkọ ìyàwó ni ó sì ti yẹ kí rírú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ó dárúkọ àwọ̀ kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù mú èyí tí ó bá a mu nínú àpótí rẹ̀ wá. Tàbí kí ó jẹ́ fìlà nìkan ni wọn yóò jọ dé. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀wù èṣí wá, kí a fi í síwájú nínú fọ́tò.

Àwọn òfin tí a ó pa mọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní gbà kí a fi wọ́n ṣeré. Kí aṣọ mọ́. Kí ó bá ara mu. Aṣọ òkìríkà tí a rà ní Hédzranawoé tí aránṣọ sì tún gé dáadáa yẹ ọkùnrin ju kóòtù olówó gọbọi tí ó ń wọ́ nílẹ̀ lọ. Kí a ṣí fìlà níwájú ọba àti nígbà tí a bá ń kí àgbà. Kí a má wọ aṣọ tí yóò mú kí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ rò pé a wá jó. Àwọn òfin wọ̀nyí kò béèrè owó púpọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń rò, kì í ṣe ẹni tí ó wọ aṣọ. Nítorí ìdí kan náà ni a ṣe fara mọ́ kákí tí àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa ń wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ìjọba òyìnbó ni òun náà. Orúkọ rẹ̀ ti ilẹ̀ Índíà wá, ó sì túmọ̀ sí aláwọ̀ eruku. Nínú aṣọ aláwọ̀ eruku yẹn, ọmọ dókítà àti ọmọ alápatà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ọdún méje, a kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá la ẹnu. Ohun tí ń dùn wá ni pé ọjọ́ tí wọ́n bọ́ kákí náà sílẹ̀, tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni a sọ fún wọn pé kóòtù ni yóò máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ máa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò, ohun kan ni a ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín. Nínú ìwé ìkéde tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, níbi tí a ti ń kọ ọ́ pé veste et cravate, kí a kọ ọ́ dípò rẹ̀ pé aṣọ tí ó mọ́ tí ó sì bójú mu, ti ilé tàbí ti òkèèrè. Ìlà kan péré ni, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dúró de ìkéde. Ẹ lọ bá akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá bùbá àti ṣòkòtò, tàbí ẹ̀wù tí a fi kété àwọn Ewe rán, yóò jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, kí ẹ sì gba èsì náà sínú ìwé. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ bi wọ́n pé òfin wo ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Atakpamé àti Kambolé, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ tí ẹ ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí a tó pa ààlà sí i, a fẹ́ gbọ́ bí fìlà ṣe ń tẹ̀ ní ọ̀dọ̀ yín, àti ohun tí ó túmọ̀ sí. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ní Yorùbá tàbí ní Faransé kí oṣù tó parí. Bí ìdáhùn bá lé ní mẹ́rin, a ó tẹ gbogbo wọn jáde, a ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn àgbà mẹ́ta ní Anagokomé.